Ẹ̀rín Nídìí Àdúrà: Ọmọdé Nínú Ilé Onígbàgbọ́ ní Kúta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí kò yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ Kristi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ní ìlú kan, kí ó má ṣe dúró síta kí ó máa wo gogoro ilé ìjọsìn. Kí ó wọ inú ilé lọ ní ìdájí, nígbà tí àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kejì, tí baálé ilé ń lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀ pé kí tọmọdé tàgbà ó jáde wá sí ibi àdúrà. Àwọn ọmọdé tí ó bá bá níbẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún un, nítorí ọmọdé kò tíì mọ bí a ṣe ń díbọ́n.

Ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, irú ìdájí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Wọn á tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Ọmọ ọdún méje á jókòó ṣinṣin, nítorí ó ti mọ ohun tí pàṣán ń ṣe. Ọmọ ọdún márùn-ún á fara ti ògiri, á máa yọjú wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí ìyá àgbà ti ń dáná ẹ̀kọ. Èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta á ti padà sùn lórí itan ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orin dé ẹsẹ kejì. Baálé á ka Bíbélì, á ṣe àlàyé díẹ̀, gbogbo ilé á sì kúnlẹ̀. Àdúrà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdílé, á kan ìjọ, á kan ọba ìlú, á kan ìjọba, á sì gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ojú omi. Níbi tí ó bá ti mí díẹ̀ kí ó tó kọjá sórí àwọn aláìsàn, ọmọ ọdún márùn-ún á ké "Àmín!" tantan, á dìde, á sì gbọn orúnkún rẹ̀ nù.

Ẹ̀rín á sọ. Ìyá á fi etí ìró bo ẹnu. Èjìká àwọn ẹ̀gbọ́n á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ohun tí baálé bá ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Àwọn baálé kan wà tí wọn á dá àdúrà dúró, tí wọn á fa ọmọ náà létí, tí wọn á sì sọ fún un pé ó ti bí Ọlọ́run nínú. Àwọn mìíràn á ní, "Ó dára, ọ̀gá mi ní ó tó," wọn á sì fi Oore-ọ̀fẹ́ parí rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó gbà pé òun ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú àṣà Yorùbá wò ó, tí a tún fi ojú ìtàn ìgbàgbọ́ ní agbègbè náà wò ó, baálé kejì yìí ni ó jogún àgbà.

Ìlú Òwu ni Kúta. Olówu ni oyè ọba wọn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ni ó wà, èyí tí Ilé-Ogbó jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìwó ni ìlú ńlá tí ó wà nítòsí wọn, Ìwó sì jẹ́ ibi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti ta gbòǹgbò jinlẹ̀: Olúwòó Momodu Lámúyẹ, tí ó wàjà ní 1906, Mùsùlùmí ni. Irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ni àwọn Onítẹ̀bọmi gbé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1938. Orí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni Yunifásítì Bowen, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, wà lónìí. Olùkọ́ tí ó bá jáde ní Ìwó láyé ọjọ́un kì í gbé ìwé àti ṣọ́ọ̀kì nìkan lọ sí ìlú tí wọ́n bá rán an lọ. Òun náà ni í wàásù lọ́jọ́ ìsinmi, òun ni í kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹsẹ àkọ́sórí, ilé rẹ̀ sì ni àwọn aládùúgbò ti í gbọ́ agogo ìdájí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó mọ àwàdà, àwọn ọmọ aládùúgbò á máa wá láìpè. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kì í tú ká, agogo náà á dún títí, àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan ni yóò bá a níbẹ̀.

Agogo yìí kò bá ilé ní òfìfo. Kí ìgbàgbọ́ tó dé, ìdájí ti ní ìlànà tirẹ̀ nínú agboolé. Ọmọ tí ó bá jí á dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ kí bàbá, kí ìyá, kí ìyá àgbà. Ìyá àgbà á sì fi oríkì dá a lóhùn. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣe àlàyé pé oríṣi orúkọ mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá lè ní: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ti ẹnu ìyá àgbà ní ìdájí ni ẹ̀kẹta yìí: Àjàní, Àlàbí, Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ pé eré wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà á kì í bí akọni, á ka àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n jagun, á dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, pé akọni náà tún ti tọ̀ sórí ẹní lóru. Ojú á ti ọmọ, inú rẹ̀ á sì dùn. Kò sí pàṣán tí ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀rín inú ilé Yorùbá kò mọ sí ọjọ́ ayọ̀. Ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Ẹ wo orúkọ àbíkú. Ìyá tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta á bí ẹ̀kẹrin, wọn á sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Tàbí Ìgbẹ́kọ̀yí, pé igbó pàápàá ti kọ òkú rẹ̀. Tàbí Ààtàn, orúkọ ibi tí à ń da pàǹtí sí. Tàbí kí wọ́n kúkú bẹ̀ ẹ́ pé Málọmọ́. Àwàdà tí à ń bá ikú ṣe ni, omijé wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá wá yè, tí ó pé ọdún mẹ́fà, tí ó ń sá kiri inú agboolé, tí ó ń já máńgòrò olókè ọkọ̀, orúkọ kan náà á di ohun tí gbogbo ilé fi ń bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ọ̀pọ̀ ìdílé yí orúkọ wọn padà. Ògún, Ifá àti Ọ̀ṣun kúrò níwájú orúkọ. Olú, Olúwa tàbí Jésù sì gba ipò wọn, tí Ògúnṣọlá fi di Olúṣọlá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àbíkú ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyè sí jù. Dúrótìmí ni ìyá ń wí fún ọmọ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀: kí ó dúró ti òun. Fi Olúwa ṣíwájú rẹ̀, ó di Olúwarótìmí. Ẹ̀bẹ̀ náà kò yí padà púpọ̀, ẹni tí à ń bẹ̀ ni ó yí padà. Ó sì ti di ẹ̀rí dípò ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rù tí ó bí orúkọ àkọ́kọ́ kò sì kúrò nínú ilé ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi. Ìdí nìyí tí ìyá Onígbàgbọ́ fi lè rẹ́rìn-ín sí ọmọ tí ó ké "Àmín" láìtọ́jọ́. Ọmọ tí ó lè ké, ó wà láàyè.

Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìwó, ibẹ̀ sì ni a ti lè rí bí ìgbàgbọ́ ṣe gba ọ̀dọ̀ ọmọdé wọlé. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Ilé wọn ní Kúdẹtì kún fún ọmọdé kí ìjọ wọn tó kún fún àgbà. Olóyè Olúnlóyọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ìtọ́jú wọn. Anna kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n "Ìyá" ni wọ́n ń pè é. Samuel Johnson tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bí ní Sierra Leone ní 1846, ọmọdékùnrin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn wá sí Kúdẹtì láti wá bá àwọn Hinderer ṣiṣẹ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ebi sì bá gbogbo ilé náà fínra, àti òyìnbó àti ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Àwọn ọmọ náà kò fọ́n ká. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí wọ́n kó jọ láti inú lẹ́tà Anna ní 1872, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, yóò rí i pé àwọn ọmọdé ni ó gba ojú ìwé rẹ̀ jù, kì í ṣe àríyànjiyàn ẹ̀sìn.

Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dé Ìbàdàn, ilé Onígbàgbọ́ mìíràn wà ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Òwu tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn ará Kúta tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá lẹ́yìn tí ogun fọ́ Òwu. Wọlé Ṣóyínká ròyìn ilé náà nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tí ó jáde ní 1981. Inú ọgbà míṣọ́n ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀, S. A. Ṣóyínká, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ St Peter. Ọmọ náà mú lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì sọ bàbá rẹ̀ di "Essay", bí àròkọ tí olùkọ́ ń fún ọmọ ilé ìwé ṣe. Ìyá rẹ̀, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ gbóná janjan, ni ó fún ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí Onígbàgbọ́ Ẹhànnà. Ọmọ yìí kan náà wo àwòrán àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run lára gíláàsì aláràbarà fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ wọn, ọkàn rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ egúngún. Ẹni tí ó bá ń wá ìwà àìbọ̀wọ̀ lè rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi egúngún wé bíṣọ́ọ̀bù ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń fi ìwé ńláńlá ṣe: ó ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó so àwọn òkú ọ̀run pọ̀ mọ́ àwọn alààyè.

Nínú gbogbo ohun tí ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín nídìí àdúrà, orin ni ó pọ̀ jù. Àwọn àgbà ni ó sì lẹ̀bi rẹ̀. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí i mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá kà á lórí. Bí orin bá ń gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á di òmíràn. Àgbà tí ó ní ìwé orin lọ́wọ́ kò ní mọ̀, nítorí ojú ni ó fi ń gbọ́. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà, etí nìkan ni ó ní. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bí agbo. Bí ohùn àárín bá wà lórí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀wọ́ àgùntàn ni, agbo tí Olúwa ń dà. Bí ohùn orin bá ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó di àgbo, omi ewé àti egbò tí ìyá àgbà ń sè sínú ìkòkò, tí a ń di ọmọ lápá tí a ń di ọmọ lẹ́sẹ̀ kí ó tó mu ún. Ọmọ tí ó mu àgbo lánàá á wá gbọ́ tí gbogbo ilé ń fi ayọ̀ kọrin pé kí Olúwa ó kó àwọn sínú àgbo rẹ̀. Ṣé kí ó má rojú? Bí ohùn bá tún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó di àgbò, ẹran Iléyá, ojú rẹ̀ á sì là.

Ti ẹ̀ṣẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú tí ó yí i ká, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ya "ṣ" sọ́tọ̀ kúrò lára "s". Nígbà tí baálé bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wá, ohun tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ gbá àbúrò rẹ̀ nípàá lálẹ́ àná á wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀, á rí i pé ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ó ń wò, á ní ẹsẹ̀ òtún ni ó jẹ̀bi, ti òsì kò sí níbẹ̀. Àlùfáà tí ó kàwé gboyè kò lè ṣàlàyé ìjẹ́wọ́ ju báyìí lọ.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò rí àbùkù orin wọ̀nyí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó lọ kọ àwọn orin Yorùbá rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922, fi hàn pé orin ìsìn lè wọ etí ọmọ Yorùbá. T. K. E. Phillips, olùtẹ dùùrù ní Kátídírà Kristi ní Èkó, tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, ó sì rọ àwọn ìjọ pé kí ohùn orin ó máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń kọ ti àtijọ́, nítorí pé òun ni bàbá wọn kọ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ ọ́, kí ó má na ọmọ tí ó gbọ́ ọ bí ó ti jáde.

Ìtàn inú Bíbélì ni ẹ̀fẹ̀ tún ti pọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń pa àlọ́ lálẹ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í ya Jónà sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjàpá. Wọn á fẹ́ mọ ohun tí ẹja náà rí jẹ lẹ́yìn tí ó pọ Jónà sẹ́nu bèbè. Wọn á fẹ́ mọ ẹni tí ó gbé Sákéù kékeré sọ̀kalẹ̀ lórí igi. Wọ́n mọ̀ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù kò ṣe ohun ìyanu kankan; gbogbo ẹranko inú àlọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Baálé tí ó gbọ́n á jẹ́ kí wọ́n máa bèèrè, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn baálé tí ìbéèrè ń sú ni í sáré lọ sí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejì, níbi tí àwọn ọmọ kan ti fi orí pípá Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́, tí abo béárì méjì sì jáde láti inú igbó tí wọ́n fa 42 ya nínú wọn. Kò sí ẹsẹ tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé tó o. Nǹkan kan ni ó máa ń bà á jẹ́: kò sí béárì nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ á bèèrè irú ẹran tí béárì jẹ́. Bàbá á ní ó dà bí ìkookò, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, irun sì bò ó. Ọmọ á bèèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀. Ẹ̀rù tí wọ́n fi ìdájí kan gbé kalẹ̀ á sì tú ká sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Bíbélì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, kí ó kọ́kọ́ ka Jẹ́nẹ́sísì. Ábúráhámù rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọlọ́run sọ fún un pé yóò bí ọmọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Sárà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgọ́, ó sì sẹ́ nígbà tí wọ́n bi í. Ọlọ́run kò fi ìyẹn gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ísáákì tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀rín ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù. Yorùbá tí ó ń sọ ọmọ ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí ilé ti rí kò ní bèèrè àlàyé lórí èyí. Obìnrin tí ó wá ọmọ títí di àádọ́rùn-ún ọdún ni ó bí Ẹ̀rín, ilé ta ni ó wá yẹ kí a ti lé ẹ̀rín jáde?

Síbẹ̀, Yorùbá kì í da gbogbo ẹ̀rín pọ̀. Àwàdà wà tí a fi ń tú ara ká. Ẹ̀fẹ̀ wà tí ó ní ọgbọ́n nínú. Àpárá wà láàárín ojúgbà. Yẹ̀yẹ́ ti ń sún mọ́ ìtẹ́nilójú, ẹ̀sín ni ó sì burú jù, nítorí à ń fi bu ẹni kù lójú àwùjọ ni. Ọmọ tí ó fi ìrìn arọ ṣe eré, tàbí tí ó ń sín akólòlò jẹ, yóò jìyà rẹ̀ ní ilé Onígbàgbọ́ àti ní ilé abọ̀rìṣà bákan náà. Orí pípá Èlíṣà bọ́ sí abẹ́ òfin yìí. Ẹ̀sín ni àwọn ọmọ yẹn fi í ṣe, wọn kò bá a ṣàwàdà. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọmọ tí ó ké "Àmín" kí àdúrà tó parí kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ara ni ó ń ro ó.

Ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ ẹ̀rín yìí kò mọ sí inú pálọ̀ nìkan. Ní oṣù kẹfà 2016, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàárín oṣù náà, ní Baptist High School ní Ìwó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́ kan wọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wá sí kíláàsì láti fi hàn pé inú àwọn kò dùn sí i. Àwòrán wọn tàn ká gbogbo Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń fi rín? Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, àwọn ọmọ tí ó jọ dá omi ní odò kan náà. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì ni ó ní ẹjọ́, aṣọ àwọn ọmọ ni wọ́n sì fi jà á. Ẹ̀rín ìgbà náà, ẹ̀sín ni. Kò tú ara ẹnikẹ́ni ká ní Ìwó.

Nínú agboolé, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbà. Kò ṣòro ní Kúta tàbí ní Ìwó láti rí ilé kan tí bàbá àgbà jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ Onígbàgbọ́, tí ẹ̀gbọ́n ìyá sì ń bọ òrìṣà ìdílé láìpariwo. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ mọ bí láádàánì ṣe ń ké ìpè, wọ́n mọ bí pásítọ̀ ṣe ń dẹ ohùn sílẹ̀ kí ó tó kéde ọrẹ, wọ́n sì lè ṣe méjèèjì fún àlejò kí ìyá wọn tó mú omi dé. Bí Iléyá bá dé, ẹran á tọ inú ilé Onígbàgbọ́ wá. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì á tọ ilé Mùsùlùmí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n bi pé ẹ̀sìn wo ni ó dára jù kì í pẹ́ kí ó tó dáhùn: èyí tí ó ní àgbò. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín sí i, Mùsùlùmí wọn àti Onígbàgbọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀sín nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń dín irú àyè bẹ́ẹ̀ kù lóde òní kì í tilẹ̀ ṣe ìjà ẹ̀sìn. Bàbá mìíràn ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ohùn àlùfáà tí ó wà ní ìlú mìíràn ni ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ alágbèéká ìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, nígbà tí ó ń wọ ẹ̀wù ilé ìwé fún ọmọ. Àdúrà náà lè dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún márùn-ún bá ké "Àmín" láìtọ́jọ́, ẹ̀rọ náà kò ní dúró, ohùn inú rẹ̀ kò ní gbọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀gá.

Níbi tí àdúrà ìdájí ti ṣì wà, ẹ lọ wo àwọn ọmọ ilé náà ní ọ̀sán Sátidé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń ṣe. Páálí ni àga ìwàásù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìwé orin. Ẹni tí ó bá ga jù ni pásítọ̀, àfi bí ẹni tí ó ni ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣeré bá kọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ọrẹ, wọ́n sì máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Mùsùlùmí ilé kejì ni í sábà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ohùn rẹ̀ dùn, ó kàn máa ń fi omi ṣan ọwọ́, ẹnu àti ẹsẹ̀ ná, àwọn tí ó kù náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má baà dá nìkan mọ́ jù wọ́n lọ. Onítẹ̀bọmi ni bàbá wọn, nítorí náà wọn kì í wọ́n omi sórí ẹni tí wọ́n bá ń ṣe ìrìbọmi fún; gbogbo ara ni ó ń wọ inú omi. Àbúrò á kọ̀, á ké, á sá tọ ìyá rẹ̀ lọ. Òròmọdìẹ ni ó máa ń kù tí ọwọ́ wọn lè tẹ̀. Bí ìyá bá jáde tí ó rí adìẹ rẹ̀ tí ó tutù rinrin, tí ó ń gbọ̀n nínú oòrùn, tí ó sì fi ìbínú bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe, pásítọ̀ á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ apá, á ní, "Màmá, ẹ má nà wá, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo àgbàdo tí ó jí jẹ."